Ìlàjì Ẹyin Nínú Àwo Àlhájì

Ìlàjì ẹyin kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí Ìnísípẹ́kítọ̀ Rẹ̀míláyọ̀ Akínọ̀ṣọ́ gbà pé ọ̀rọ̀ Fuad ti yanjú.

Ó wà nínú fọ́tò tó tẹ́ síwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Àwo jíjìn funfun kan ni, omi ọbẹ̀ díẹ̀ ló kù nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí núdù níbẹ̀ mọ́, kò sí ẹran, ewé àlùbọ́sà tí wọ́n wọ́n sójú ọbẹ̀ gan-an ti tán. Ṣùgbọ́n ní etí àwo lọ́hùn-ún, níbi tó jìnnà jù sí ẹni tó jẹun, ìlàjì ẹyin sísè kan wà nínú ṣíbí bí ẹni tí wọ́n ní kó jókòó de àlejò. Ẹnikẹ́ni kò fi eyín kàn án.

Òjò ń lu páànù àgọ́ ọlọ́pàá. Láti ìdájí ló ti ń rọ̀, omi sì ti gba gbogbo iwájú ilé. Ẹni tó bá mọ Ajah nígbà tó ṣì jẹ́ iyanrìn àti igi àgbọn, nígbà tí omi òjò mọ ọ̀nà tó máa gbà wọ inú ọ̀sà jẹ́ẹ́jẹ́, yóò mọ̀ pé òjò ò ṣẹ̀. Àwọn èèyàn ló kọ́lé sójú ọ̀nà omi.

"Màdáámù, ẹyin yẹn náà lẹ ṣì ń wò?" Sájẹ́ǹtì Bọ̀sún gbé ife tíì kalẹ̀ fún un. "Ẹ má bínú o, ẹyin ò lè wọ inú àpótí ẹlẹ́rìí ní kóòtù."

"Ìwọ tó lè wọ̀ ọ́, kí lo fẹ́ sọ níbẹ̀?"

"Pé Fuad ló sè é, Fuad ló bù ú. Májèlé wà nínú àwo, kò sí nínú ìkòkò. Kí la tún ń wá?"

"Ẹni tí ẹyin yìí ń dúró dè."

Bọ̀sún rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé ọ̀gá òun kò rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹ̀rín tirẹ̀ mì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti rò. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, Jùmọ̀kẹ́ Akínbọ̀dé ṣí ilé oúnjẹ kékeré kan sí ẹ̀yìn títì ńlá ní Ajah. Ìlú Òsákà ní ilẹ̀ Jàpáánì ni obìnrin yìí ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Abọ́ ló ń fọ̀ fún ìyá arúgbó kan tó ń ta oúnjẹ níbẹ̀, títí ìyá náà fi fà á sí ìdí iná tó sì kọ́ ọ ní sísè. Kì í ṣe oúnjẹ àwọn olówó Lẹ́kkí Phase 1, tí wọ́n ń fi ẹja tútù ṣe ẹ̀ṣọ́ sórí pákó. Oúnjẹ ilé ni: ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ kọ́rì tó ki, adìyẹ díndín, núdù gígùn nínú omi egungun adìyẹ tó ti ń hó láti àárọ̀. Oúnjẹ tí ará ibẹ̀ máa ń wá lọ bí otútù bá mú un tàbí bí ọkàn rẹ̀ bá wúwo. Tadáíma ló pe ilé oúnjẹ náà. Ó ní ohun tí wọ́n máa ń sọ lọ́hùn-ún nìyẹn bí wọ́n bá ti òde wọlé: mo ti dé o. Ẹni tó pẹ́ lájò nìkan ló mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dùn lẹ́nu tó tún ń korò.

Àlhájì Ògúnkúnlé, olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ tí ilé oúnjẹ náà dúró lé, ni àlejò pàtàkì ọjọ́ náà. Nítorí pé àgbà tó níyì kì í la ẹnu jẹun lójú gbogbo ayé, wọ́n fi aṣọ dá igun kan sọ́tọ̀ fún un. Tayọ̀tayọ̀ ló wọ ibẹ̀. Nígbà tí Láídé, ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ, ká aṣọ sókè láti wá kó abọ́, Àlhájì ti wà nílẹ̀, ìfófòó bò ó lẹ́nu. Kò dé ilé ìwòsàn. Dókítà ní oògùn kòkòrò ni.

Fuad tó ń sè ni wọ́n mú. Iṣẹ́ bíríkìlà ló gbé e wá láti Ìsẹ́yìn, òun wà lára àwọn tó kọ́ ilé náà kí Jùmọ̀kẹ́ tó rí i pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, tó sì sọ ọ́ di alásè. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, àwọn ọmọ onílẹ̀ ya bò wọ́n, wọ́n lù ú débi pé eyín rẹ̀ kan ká. Ọjọ́ yẹn ló dúró ságbede méjì títì, tó ń pariwo pé Àlhájì tó rán wọn, òun máa rí i. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́.

Lọ́la ni Ọ̀gá Olúwọlé, ọ̀gá àgọ́ náà, fẹ́ gbé Fuad lọ sí kóòtù. Láti kóòtù, ó di ẹ̀wọ̀n, kó máa retí ìgbẹ́jọ́. Rẹ̀míláyọ̀ ti rí irú wọn rí: mẹ̀kúnnù tó fi irun dúdú wọ ibẹ̀, tí irun náà funfun kí adájọ́ tó mọ orúkọ rẹ̀.

Ó ní kí wọ́n mú un wá.

*

Fuad jókòó sí etí àga bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé wọ́n máa gba àga náà lọ́wọ́ òun.

"O ní wàá rí Àlhájì," ni Rẹ̀míláyọ̀ wí. "Kí lo rí?"

"Mo rí i lóòótọ́, mà. Ó wá bá mi lórí ilé tí à ń kọ́. Ó ní kí n má bínú, pé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ò lẹ́kọ̀ọ́. Ó bá mi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, pẹ̀lú agbádá funfun o! Ó bi mí bóyá ìyá mi ṣì wà láyé." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Èmi ni mo bẹ Àǹtí Jùmọ̀kẹ́ pé kí n bu tiẹ̀ fúnra mi. Mo fi ẹran kún un."

"Ẹyin ńkọ́?"

"Ẹyọ kan. Mo là á sí méjì, mo tò ó sí àárín àwo."

"O ò fi ìlàjì sínú ṣíbí?"

"Rárá, mà. Ìta àwo ni ṣíbí wà."

Sájẹ́ǹtì Bọ̀sún kùn lẹ́nu ọ̀nà. "Gbogbo wọn ló máa ń mọ ọ̀rọ̀ sọ tó bá di báyìí."

"Ọ̀gá," Fuad kò wo Bọ̀sún rárá, Rẹ̀míláyọ̀ nìkan ló ń wò, "wọ́n ní lọ́la. Ìyá mi ò tíì mọ̀. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ rédíò ló máa sọ fún un."

*

Tadáíma ti ń rùn bí ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Ẹnì kan ti fi ẹrẹ̀ lu ilẹ̀kùn rẹ̀ láti ìta. Nínú ilé, wọ́n ti da àwọn àga dojú délẹ̀ sórí tábìlì, ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se omi egungun sì ṣófo lórí iná tó ti kú.

"Ẹ wá mú èmi náà ni?" Jùmọ̀kẹ́ kò dìde.

"Mo wá jókòó ni. Níbo ni Àlhájì jókòó sí?"

Jùmọ̀kẹ́ fi ọwọ́ hàn án. Igun náà há, àga méjì péré ló kojú síra wọn nídìí tábìlì kékeré, ilẹ̀kùn kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tó ṣí sí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Rẹ̀míláyọ̀ jókòó sórí àga Àlhájì. Ó ní kí wọ́n gbé irú àwo náà wá pẹ̀lú ṣíbí.

"Ní Òsákà," Jùmọ̀kẹ́ ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "bí èèyàn bá gbádùn oúnjẹ, kì í ṣẹ́ nǹkan kan kù. Nígbà tí mo rí ẹyin yẹn, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé Àlhájì ò fẹ́ràn ẹyin. Ẹ wò mí, ẹ gbà mí. Òkú wà nílẹ̀, ti ẹyin ni mò ń rò."

"Ṣùgbọ́n ó jẹ ìlàjì kejì."

Jùmọ̀kẹ́ gbé ojú sókè. "Ó jẹ ẹ́ lóòótọ́."

Rẹ̀míláyọ̀ mú ṣíbí, ó gbìyànjú láti gbé e sí etí àwo bó ṣe wà nínú fọ́tò. Ó ní láti na apá rẹ̀ tán kó tó lè dé ibẹ̀. Ó tún un ṣe. Ẹni tí kò fẹ́ nǹkan, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń tì í sí. Kì í na ọwọ́ tó báyìí. Ẹni tó ń fún èèyàn ní nǹkan ló ń na ọwọ́. Ó gbé ojú sókè, ó sì wo àga tó ṣófo níwájú rẹ̀.

Ó yíjú sí ọmọbìnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ. "Láídé, nígbà tí o gbé oúnjẹ wá, ó jẹun lójú ẹsẹ̀?"

"Rárá, mà. Ó dìde lọ fọ ọwọ́ nídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn. Èmi padà sọ́dọ̀ àwọn oníbàárà. Èrò pọ̀ gan-an, mà."

"O rí ẹnikẹ́ni níbí?"

"Aṣọ ti bò ó. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn Àlhájì nígbà tó yá, ohùn jẹ́jẹ́ báyìí. Mo rò pé fóònù ló ń gbà."

"Fóònù rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa," ni Bọ̀sún wí láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Kò pe ẹnikẹ́ni lọ́sàn-án yẹn, ẹnikẹ́ni ò sì pè é." Ó yíjú wo àga kejì. "Ha."

Kí wọ́n tó jáde, Rẹ̀míláyọ̀ kìlọ̀ fún obìnrin méjèèjì pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ti ẹyin náà lẹ́nu wọn.

Nínú mọ́tò, ó bi Bọ̀sún pé, "Bí wọ́n bá da oògùn kòkòrò sínú ẹ̀gúsí rẹ, ṣé wàá jẹ ẹ́ tán?"

"Òkèlè kan péré, màá ti tu ú dànù."

"Kí ló dé?"

"Mo mọ bí ẹ̀gúsí ṣe ń rí lẹ́nu."

"Àlhájì ò jẹ oúnjẹ Jàpáánì rí. Bó bá korò, á ní bóyá bó ṣe ń rí nìyẹn. Ojú á sì tì í láti sọ pé kò dùn nílé ẹni tó pè é lálejò. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí dọ́gbọ́n dúró de oúnjẹ àjèjì."

"Fuad náà lè ro ìyẹn, Màdáámù."

"Ó lè rò ó. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló ń wo Fuad nílé ìdáná. Ta ló jókòó sórí àga yẹn?"

*

Ilé Àlhájì wà ní Ajah àtijọ́, lẹ́yìn ọjà, níbi tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ti hu èéhù ṣì fara ti igi àgbọn kan tó kù. Nígbà kan, láti ọ̀sà títí dé òkun ni ilẹ̀ ẹbí yìí. Wọ́n tà á díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku ohun tí ojú lè rí láti orí àkàsọ̀.

Àlhájà Mọ́nsúrátù, opó rẹ̀, jókòó sórí ẹní, aṣọ funfun ló bò ó. Rẹ̀míláyọ̀ kúnlẹ̀ kí i, Bọ̀sún sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Ọlọ́run á fi Alijánnà kẹ́ wọn, Àlhájà."

"Àmín, ọmọ mi. Ẹ jókòó."

"Ìbéèrè kan ló gbé mi wá, ó sì lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Báwo ni Àlhájì ṣe máa ń jẹun?"

Ìyá náà wò ó. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kan wá sí i lẹ́nu, ẹ̀rín tó ti pẹ́ tó ti wá síbẹ̀ gbẹ̀yìn. "Ó máa ń fọ ọwọ́ dáadáa. Kì í sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, bí ilé bá ń jó gan-an. Bó bá dá jẹun, ṣe ló máa ń jẹ àwo mọ́ féfé, ó ní kí èèyàn fi oúnjẹ ṣòfò, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Àfi bí Mujeeb bá wà níjókòó."

"Mujeeb?"

"Ọmọ àbúrò rẹ̀. Èmi ò bímọ, ṣé ẹ mọ̀. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ kú sómi, ọmọ náà gbẹ bí igi ìdáná. Àlhájì á jẹun tán, á wá ṣẹ́ ibi tó dára jù kù fún un. Ẹyin ni Mujeeb fẹ́ràn. Gbogbo ẹbí ló ń pariwo: Ẹ má fún ọmọdé lẹ́yin, á di olè! Àlhájì á ní, ẹ jẹ́ kó jí ẹyin tèmi ná." Ó mi orí. "Títí ọmọ náà fi di géńdé, kò yé ṣẹ́ ẹ kù fún un. Ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án."

Rẹ̀míláyọ̀ sún mọ́ ẹní. "Ní Sátidé yẹn, Mujeeb wà níbo?"

"Èlékò. Ó mú àwọn àlejò kan lọ wo ilẹ̀ láti àárọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Àwọn méjèèjì ti ń bínú síra wọn lọ́sẹ̀ yẹn, Àlhájì ò sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Kó tó jáde, ó ní òun ti ní kí Mujeeb wá bá òun níbẹ̀. Ó ní, 'Mọ́nsúrá, bó bá wá, màá ṣẹ́ tiẹ̀ kù fún un, ó parí nìyẹn.' Mujeeb ò sì lè wá."

Ìgbà náà ni ọkùnrin kan ti ẹnu ọ̀nà wọlé, ó gbé ife tíì gbígbóná kan wá fún ìyá náà. Ó ga, irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ojú rẹ̀ sì wọ inú bí ojú ẹni tí kò rí oorun sùn.

"Màmá, tíì yín rèé. Ẹ káàbọ̀, Ìnísípẹ́kítọ̀." Ó kúnlẹ̀ gbé ife fún ìyá náà kó tó yíjú padà. "Ẹ ṣì ń béèrè nǹkan? Mo rò pé wọ́n ti fẹ́ gbé bíríkìlà yẹn lọ kóòtù."

"Lọ́la," ni Rẹ̀míláyọ̀ wí. "Ẹ̀yin ni Mujeeb?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní ẹ wà ní Èlékò lọ́jọ́ náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìpè fóònù ni mo fi gbọ́."

Rẹ̀míláyọ̀ gbá aṣọ rẹ̀ mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ dìde. Ó mọ̀ pé irọ́ tí òun fẹ́ pa yìí máa dun ìyá náà dé egungun. Ó ro ti Fuad létí àga, ó sì pa irọ́ náà.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo kàn ní kí n fi ọkàn Àlhájà balẹ̀ ni. Ó jọ pé Àlhájì gbádùn oúnjẹ ọjọ́ náà. Kò ṣẹ́ nǹkan kan kù. Ẹran, ẹyin, omi ọbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló jẹ. Àwo mọ́ féfé."

Ọwọ́ ìyá náà dúró lórí ife. "Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, mà."

"Kò ṣẹ́ ẹyin kù?" Omi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Mujeeb, o gbọ́? Ó retí rẹ títí, o ò wá. Ìbínú rẹ ló bá lọ sínú sàréè. Bàbá rẹ ò dárí jì ẹ́."

"Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ni kí n sọ? Ó ti sọ ọ́ fún mi! Bó bá dárí jì ẹ́, á ṣẹ́ ẹ kù. Àwo mọ́. Ó kú láìní ọmọ."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Láìní ọmọ, Mujeeb! Lẹ́yìn gbogbo—"

"Ó dárí jì mí!" Ohùn ọkùnrin náà là bí igi. "Ó ṣẹ́ ẹ kù. Ó fi sínú ṣíbí, ó nà án sí mi. Ó ní, 'Mujeeb, gba ẹyin ẹ.'"

Bọ̀sún ti sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, kò sì sí ìdí fún un, nítorí Mujeeb ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbá orúnkún rẹ̀ mọ́ra.

"Èlékò kọ́ lo wà," ni Rẹ̀míláyọ̀ wí pẹ̀lẹ́.

"Mo ti ta ilẹ̀ tó kù yẹn," kì í ṣe òun ni Mujeeb ń dá lóhùn, ìyá náà ló ń wò. "Ibi tí wọ́n sin bàbá mi sí. Ó gbọ́. Ó ní ní Jímọ̀ tó ń bọ̀ òun máa sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí. Mo rò pé torí ìyẹn ló ṣe pè mí wá, kó tún bú mi. Mo da oògùn náà sínú ọbẹ̀ nígbà tó lọ fọ ọwọ́. Ó padà wá, ó jẹun. Kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tó jẹun tán ló wá ní òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́, pé àwa méjèèjì la máa jọ lọ bẹ àwọn tó rà á."

"O ò dá a dúró," ìyá náà sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Nígbà tó ń jẹun, o jókòó síbẹ̀, ò ń wò ó."

"Mò ń wò ó, Màmá."

"O ò wá jẹ ẹyin náà."

"Mi ò lè jẹ ẹ́. Mo sá."

Bọ̀sún gbé e dìde. Nígbà tí wọ́n dé àkàsọ̀, Àlhájà Mọ́nsúrátù di ọwọ́ Rẹ̀míláyọ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ sì le ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ.

"Ẹ̀yin ẹ mọ̀ pé irọ́ lẹ pa."

"Mo mọ̀, mà. Ẹ foríjì mí."

"Ọkọ mi ti lọ. Ẹ fi ọmọ yìí sílẹ̀ fún mi. Ta ni yóò sin mí?"

Òótọ́ ni Rẹ̀míláyọ̀ sọ. "Ìyá kan wà ní Ìsẹ́yìn tó ń retí ọmọ tirẹ̀ náà, Àlhájà."

Ìyá náà tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan.

*

Wọ́n dá Fuad sílẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ọ̀gá Olúwọlé kò jáde wá bẹ̀ ẹ́, ọlọ́pàá kan ló kàn da bẹ́líìtì àti bàtà rẹ̀ sórí káńtà fún un. Òjò ti dá, ṣùgbọ́n omi ṣì wà níwájú àgọ́, ó dúdú, kò ṣàn síbì kan. Jùmọ̀kẹ́ dúró sórí àtẹ̀gùn, ó ti ń retí rẹ̀ láti àárọ̀.

"Fuad, èmi rèé o. Jẹ́ ká máa lọ. Mo ti fọ gbogbo ìkòkò. A máa ṣí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Fuad kí i, ó dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tútù fún Rẹ̀míláyọ̀ tó sìn ín jáde, ó sì pẹ́ kó tó dìde. Ó ti rù. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, iwájú àti ẹ̀yìn.

"Àǹtí, bí mo bá sè é, ta ló máa jẹ ẹ́?"

"Wọ́n ti mọ̀ pé ìwọ kọ́. Ìnísípẹ́kítọ̀ rèé. Gbogbo ìlú ti gbọ́."

"Wọ́n gbọ́ ti àkọ́kọ́ náà." Kò gbé ohùn sókè. "Ẹ̀yin gan-an, Àǹtí. Bí mo bá bu àwo kan lónìí, tí mo gbé e síwájú yín, ṣé ẹ máa jẹ ẹ́?"

Jùmọ̀kẹ́ la ẹnu.

"Màá jẹ ẹ́," ló sọ.

Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ ọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì gbọ́ pé ó pẹ́. Fuad mi orí, kò bínú. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó gbé bàtà rẹ̀ dání, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, ó kọjú sí ibi tí èèyàn ti ń wọ ọkọ̀ Ìsẹ́yìn.